Der, die, das: Níbi tí ṣíbí ti jẹ́ akọ, tí fọ́ọ̀kì jẹ́ abo

Láti ọdún 2007 ni òfin Jámánì ti ní kí púpọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ lọ bá ọkọ tàbí ìyàwó wọn níbẹ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé àwọn gbọ́ èdè Jámánì díẹ̀ kí wọ́n tó gba físà. Ohun tó sì máa ń dẹ́rù ba àwọn tó ń kọ́ ọ ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan: der, die àti das.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, "the" nìkan ti tó. Ní Yorùbá wa, "ó" kan náà là ń lò fún ọkùnrin, obìnrin àti àga. Àmọ́ ní Jámánì, gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ ló ní ẹ̀yà tirẹ̀: der fún akọ, die fún abo, das fún èyí tí kò sí nínú méjèèjì. Lórí tábìlì oúnjẹ kan ṣoṣo, der Löffel ni ṣíbí, die Gabel ni fọ́ọ̀kì, das Messer ni ọ̀bẹ. Èyí tó tún yani lẹ́nu jù ni pé ọmọdébìnrin, das Mädchen, kì í ṣe abo! Mark Twain, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dún 1880.

Ẹ má sá o. Ìparí ọ̀rọ̀ ló sábà máa ń tú àṣírí. Èyí tó bá parí sí -heit, -keit tàbí -schaft, die ni. Èyí tó bá parí sí -chen tàbí -lein, das ni; ohun tó mú Mädchen nìyẹn. Ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ àti oṣù, der ni. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá so pọ̀, ti ẹ̀yìn ló ń pàṣẹ: das Haus ni ilé, die Tür ni ilẹ̀kùn, die Haustür sì ni ilẹ̀kùn àbáwọlé.

Àwọn kan á ní, ṣebí wọ́n á ṣáà gbọ́ wa? Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí: "Der Hund beißt den Mann" túmọ̀ sí pé ajá ń gé ọkùnrin náà jẹ. "Den Hund beißt der Mann" wá ńkọ́? Ọkùnrin náà ló ń gé ajá jẹ! Ajá ṣì wà níwájú, àmọ́ der ló ń tọ́ka sí ẹni tó ṣe nǹkan, den sì ń tọ́ka sí ẹni tí wọ́n ṣe é sí.

Ìmọ̀ràn wa rèé: ẹ má kọ́ Tisch lásán, der Tisch ni kí ẹ kọ́. Bí ẹnikẹ́ni ò ṣe lè ya ohùn kúrò lára ọkọ́ àti ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe ya der kúrò lára Tisch. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.