Ìdàkọ, Ìparẹ́kọ àti Ìfìdímúlẹ̀: Ètò-Ìdarí Kọ̀ǹpútà lórí Fíláàṣì

Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft fi òpin sí ìtìlẹ́yìn tí ó ń ṣe déédéé fún Windows 10. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni kò sì kún ojú òṣùwọ̀n Windows 11. Ètò-ìdarí mìíràn wà tí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lè lò, bíi Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí kókó rẹ̀ ní ilẹ̀ Finland ní ọdún 1991. A tilẹ̀ lè lò ó láti orí fíláàṣì láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ náà kò ṣòro. Sísọ ọ́ ní Yorùbá láìṣi olùgbọ́ lọ́nà ni ó ṣòro.

Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu ni ‘gbé sí’ tàbí ‘fi sí’. Ẹni tí ó bá sọ pé òun gbé Linux sórí fíláàṣì lè ní ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta lọ́kàn, àbájáde mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì jọra.

Èkíní ni ìdàkọ. Fáìlì ńlá kan ni ètò-ìdarí máa ń bá wá, èyí tí a lè pè ní ẹ̀dà-odidi. Kò yẹ kí atúmọ̀ pè é ní ‘àwòrán’, nítorí pé kì í ṣe ohun tí ojú ń wò. Bí a bá kàn da fáìlì yìí kọ sórí fíláàṣì, yóò wà níbẹ̀ bí ẹrù inú àpò. Láìsí ètò mìíràn tí ó ràn án lọ́wọ́, kò lè ta kọ̀ǹpútà jí.

Èkejì ni ìparẹ́kọ, tí a ṣẹ̀dá láti ara ‘pa rẹ́’ àti ‘kọ’. Níhìn-ín, a ó kọ ẹ̀dà-odidi náà láti ìbẹ̀rẹ̀ fíláàṣì, ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò sì parẹ́. Ìdí nìyí tí ìkìlọ̀ fi gbọ́dọ̀ wà nínú orúkọ iṣẹ́ náà. Àṣẹ dd inú Linux kì í bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ dá ènìyàn lójú. Dísíìkì inú kọ̀ǹpútà lè máa jẹ́ sda, kí fíláàṣì máa jẹ́ sdb. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n, bí àmì ohùn ti ya ọkọ́ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀. Ẹni tí ó bá ṣì í kọ lè pàdánù iṣẹ́ ọdún púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Lẹ́yìn ìparẹ́kọ ni ìtají tó ṣeé ṣe. Ìtají yàtọ̀ sí títan iná: òun ni àkókò tí kọ̀ǹpútà wá ètò-ìdarí rí, tí ó sì fi ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Èyí tí ó ti orí fíláàṣì wá báyìí ni a lè pè ní ètò-àlejò. Klaus Knopper ará Jámánì gbé irú rẹ̀, Knoppix, jáde ní ọdún 2000, láti orí CD. Bí a bá pa kọ̀ǹpútà, ohun tí a ṣe nínú ètò-àlejò a máa pòórá, àfi bí a bá ti ya àyè ìpamọ́ sọ́tọ̀ fún un. Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran; àlejò yìí ń fi tirẹ̀ ríran, nítorí ó lè ṣí dísíìkì onílé tí a kò bá tì í pa.

Ẹ̀kẹta ni ìfìdímúlẹ̀. Fíláàṣì di ilé fún ètò-ìdarí, gbogbo ìyípadà sì ń dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye ìgbà tí a lè kọ nǹkan sórí fíláàṣì ní òpin. Nítorí náà ó yẹ kí ẹ̀dà iṣẹ́ wà níbòmíràn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ fún pé a ti ‘fi’ Linux ‘sí’ fíláàṣì lè kọ àròkọ rẹ̀ tán nínú ètò-àlejò, kí ó pa kọ̀ǹpútà, kí ó sì bá òfo ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ, ti ọ̀rọ̀ ni. Bí a bá rí ìperí tí ó sàn ju mẹ́ta wọ̀nyí lọ, kí a gbà á. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni kò gbọdọ̀ sọnù.