Bí Èdè Lárúbáwá Ti Ń Sọ Ti Àná, Ti Òní àti Ti Ọ̀la

Ẹni tí ń gbé Ṣáṣá lẹ́bàá Ìbàdàn kò jìnnà sí èdè Lárúbáwá tó bí ó ti lè rò. Ní ọjà wa, níbi tí a ń já ẹrù ata àti tòmátò tí ó ti Òkè Ọya wá, èdè Yorùbá àti ti Haúsá ni a sábà máa ń gbọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ àlùbọ́sà tí a ń rà níbẹ̀, láti inú Lárúbáwá ni ó ti wá, tí ó gba ẹnu àwọn Haúsá kọjá sọ́dọ̀ wa. Àdúrà àti wàásù tí a ń dárúkọ nínú ìjọ, orísun kan náà ni wọ́n ní. Wàkàtí pàápàá ti ibẹ̀ wá. Ó tọ́, nígbà náà, kí a bèèrè bí àwọn tí a gba ọ̀rọ̀ wàkàtí lọ́wọ́ wọn ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo èdè tiwa. Àwa a máa wí pé, "ó kọ̀wé," "ó ń kọ̀wé," "yóò kọ̀wé." Ọ̀rọ̀-ìṣe náà kò yí padà, ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ń fi ìgbà hàn. Ti Lárúbáwá kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ jùlọ nínú ọ̀rọ̀-ìṣe wọn dúró lórí lẹ́tà mẹ́ta, bí ìkòkò ti ń dúró lórí ààrò mẹ́ta. Fún ìwé kíkọ, k, t àti b ni. Ìró tí a fi sí àárín wọn, àti èyí tí a fi kún iwájú tàbí ẹ̀yìn wọn, ni ń sọ ẹni tí ó ṣe é àti ìgbà tí ó ṣe é.

Bí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni àmì ẹni náà wà: kataba, ó kọ̀wé, katabtu, mo kọ̀wé, katabnaa, a kọ̀wé. Àwọn onímọ̀ wọn pe èyí ní al-maadi, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe "ohun tí ó ti kọjá."

Bí iṣẹ́ kò bá tí ì parí, àmì náà bọ́ síwájú: yaktubu, ó ń kọ̀wé; aktubu, mo ń kọ̀wé; naktubu, a ń kọ̀wé. Yaktubu yìí kan náà lè túmọ̀ sí "ó máa ń kọ̀wé". Ìyókù gbólóhùn ni yóò fi hàn wá.

Ní ti ọjọ́ iwájú, inú wa yóò dùn, nítorí níhìn-ín ni èdè wọn ti súnmọ́ tiwa. Ọ̀rọ̀ kékeré ni a ń fi ṣáájú ti ìsinsìnyí: sawfa yaktubu, tàbí ní kúkúrú, sayaktubu, yóò kọ̀wé. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ìyàtọ̀ yìí. Bí oníṣòwò kan bá kọ ọ́ pé dafa'tu, ó ti san owó. Bí ó bá kọ ọ́ pé sa-adfa'u, yóò san án ni. Ẹni tí ó bá ṣi èyí kà lè pa gbèsè rẹ́ nígbà tí owó kò tí ì wọlé.

Ohun méjì ni ó sábà máa ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Èkíní ni kíkọ̀: lam yaktub ni "kò kọ̀wé," ti ìgbà tí ó kọjá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ya ti ìsinsìnyí ni ó wà níwájú rẹ̀, lan yaktuba sì ni "kì yóò kọ̀wé." Nítorí náà, kí a wo lam tàbí lan kí a tó sọ ìgbà.

Èkejì ni àdúrà, èyí ni ó sì kàn wá jùlọ. Bí aládùúgbò wa tí í ṣe Mùsùlùmí bá dárúkọ òkú rẹ̀, a máa fi kún un pé, rahimahullah. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ kataba yóò rí i pé rahima jọ ọ́, yóò sì túmọ̀ rẹ̀ pé, "Ọlọ́run ti ṣàánú fún un." Yóò wá bínú pé, "Ta ni ó sọ ìdájọ́ Ọlọ́run fún ọkùnrin yìí?" Ṣùgbọ́n aládùúgbò náà kò ṣe ìdájọ́ kankan. Lárúbáwá a máa fi ọ̀rọ̀ ohun tí ó kọjá gbàdúrà; ohun tí ó wí ni pé, "Kí Ọlọ́run ṣàánú fún un." Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni baarakallahu fiik, "kí Ọlọ́run bùkún ọ." Ẹni tí ó ṣi ìgbà gbọ́ ti sọ ẹ̀bẹ̀ ọmọnìkejì rẹ̀ di ìgbéraga.

Àwa ará Ṣáṣá kò gbàgbé ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà wa ní oṣù kejì ọdún 2021, láàrin àwọn Yorùbá àti àwọn Haúsá, nínú èyí tí ẹ̀mí àti dúkìá ṣòfò. A kò wí pé gírámà ni ìbá dá ìjà náà dúró. Ṣùgbọ́n ní ibi tí ọgbẹ́ bá ti wà, ó yẹ kí a mọ ìgbà tí aládùúgbò wa ń gbàdúrà, kí a má baà gbọ́ ọ bí ẹni tí ń ṣe fọ́nńté.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: kataba, yaktubu, sayaktubu. Ẹ kà á láràárọ̀ títí yóò fi mọ́ yín lẹ́nu, kí ẹ sì bèèrè nígbà gbogbo lọ́wọ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bóyá ìròyìn ni ó ń ṣe, tàbí ìlérí, tàbí ẹ̀bẹ̀.