Òfin Tó De Ọmọ Ogun

Ta ni kò mọ ìtàn Ògún ní Ìrè wa yìí? Ó ti ogun dé, inú bí i, ó bẹ́ àwọn ará ilé lórí, ó wá kábàámọ̀. Nítorí irú ìbínú yẹn ni òfin ogun fi wà.

Ní oṣù Keje 1967, bí ogun Bìáfíra ti bẹ̀rẹ̀, Gowon, olórí ìjọba, fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní ìwé òfin: ẹ má pa aboyún, ẹ má pa ọmọdé, ẹ má kó ẹrù ẹlẹ́rù, ẹni tó bá túúbá, ẹ gba ìbọn rẹ̀, ẹ má pa á. Òfin rere ni lójú tiwa. Àmọ́ ní oṣù Kẹwàá, àwọn ará Àsàbà jáde tijó tijó láti kí wọn káàbọ̀. Wọ́n ya àwọn ọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n yìnbọn pa ọ̀pọ̀. Ní 2002, Gowon lọ tọrọ àforíjì ní Àsàbà.