Ta Ló Rídìí Òkun?



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín pè mí lórí fóònù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ríṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń wa epo lójú òkun, iṣẹ́ àwọn tó ń mòòkùn lọ tún irin ṣe nísàlẹ̀ omi. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ní, "Bàbá, ṣebí a kì í rídìí òkun, a kì í rídìí ọ̀sà? Kí lọmọ mi ń wá lọ síbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣe gírámà díẹ̀, àrùn tó ń ṣe mí nìyẹn. "Kì í" yàtọ̀ sí "kò lè". Tí mo bá ní èmi kì í jẹ ẹ̀wà lálẹ́, kì í ṣe pé ẹnu mi ò lè jẹ ẹ́; ìṣe mi ni mò ń sọ. Ohun tójú àwọn baba wa rí ni wọ́n sọ. Mo mọ̀ pé nínú àdúrà, a máa ń fẹ́ kó le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ èèyàn ti rídìí òkun, ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí sì ni wọ́n ti ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 15, oṣù kejì, ọdún 1954, àwọn ọmọ Faransé méjì, Georges Houot àti Pierre Willm, wọ inú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ FNRS-3, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lójú òkun Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàl títí wọ́n fi dé ilẹ̀ ìsàlẹ̀, 4,050 mítà. Kò sẹ́ni tó tíì jìn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé nígbà náà.

Auguste Piccard, ọmọ Swítsàlandì, ló ronú irú ọkọ̀ yìí. Bàlúùnù ló kọ́kọ́ fi gòkè lọ sójú sánmọ̀ lọ́dún 1931, ó wá ní ohun tó ń gbéni gòkè náà lè gbéni lọ sísàlẹ̀. Ọkọ̀ náà jẹ́ àgbá ńlá tí wọ́n rọ epo bẹntiróòlù kún, nítorí pé epo fúyẹ́ ju omi lọ, omi ò sì lè fún un pọ̀ bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́. Abẹ́ àgbá yẹn ni wọ́n so yàrá irin róbótó mọ́, níbi tí èèyàn méjì á há ara wọn mọ́. Wọ́n á di ọ̀pọ̀ irin wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ sí i kó lè rì. Òòfà tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́ ló di irin náà mú. Tí wọ́n bá fẹ́ gòkè, wọ́n á pa iná, irin á jábọ́, epo á sì gbé wọn sókè. Tí iná bá ṣàdédé lọ, irin á ṣì jábọ́. Àwa tí a mọ bí iná ṣe ń lọ, ẹ ò rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀?

Kí ló dé tí irin fi gbọ́dọ̀ nípọn? Gbogbo mítà 10 téèyàn bá sọ̀ kalẹ̀, nǹkan bíi kílò kan ló ń kún ẹrù tí omi ń gbé lé ibi tó tóbi tó èékánná. Ní 4,050 mítà, ẹrù yẹn ju 400 kílò lọ: àpò sìmẹ́ńtì mẹ́jọ lórí èékánná kan. Lọ́jọ́ 23, oṣù kìíní, ọdún 1960, ọmọ Piccard, Jacques, àti Don Walsh ará Amẹ́ríkà dé ibi tó jìn jù lọ ní òkun Pàsífíìkì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11,000 mítà. Ẹ fúnra yín ṣírò àpò sìmẹ́ńtì tibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni tó pè mí ò ní jókòó sínú irin. Omi gan-an ló máa tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rántí Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ ojú omi Jascon-4, tó dojú dé nítòsí Escravos ní oṣù karùn-ún ọdún 2013. Èèyàn 12 ló wà nínú rẹ̀; òun nìkan ló yè. Nǹkan bí 60 wákàtí ló fi wà nínú òkùnkùn, ní nǹkan bí 30 mítà, nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú ọkọ̀, kí àwọn amòòkùn tó ń wá òkú tó bá a láàyè.

Wọn ò sì lè kàn fà á jáde. Ní 30 mítà, afẹ́fẹ́ ń tẹ èèyàn ní ìlọ́po mẹ́rin tòkè yìí, náítírójìn inú rẹ̀ sì ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ ti rí ìgò míńírà tí wọ́n ṣí lójijì, bó ṣe ń hó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ì bá ṣe hó, ì bá sì kú lójú oòrùn lẹ́yìn tí òkun ò rí i pa. Wọ́n gbé e sínú yàrá irin kan lórí ọkọ̀ wọn, wọ́n sì rọra ń dín agbára afẹ́fẹ́ náà kù, ó lé lọ́jọ́ méjì. Houot àti Willm ò nílò ìyẹn, nítorí pé afẹ́fẹ́ bíi ti orí ilẹ̀ ni wọ́n ń mí nínú irin wọn. Okene wá padà kọ́ṣẹ́ mímòòkùn, ẹ gbà mí o!

Mo pe ìyá yẹn padà. Mo ní kó béèrè ohun méjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀: ṣé yàrá irin bẹ́ẹ̀ wà lórí ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi gbé e lọ, ta ló sì mọ̀ ọ́n lò níbẹ̀? Ó ní òun á béèrè. Mo ṣì ń retí fóònù rẹ̀.