Oògùn Tó Ń Dúró Nínú Ẹ̀jẹ̀

Láìpẹ́ yìí, mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ọsibítù níbí ní Amẹ́ríkà. Dókítà fẹ́ fi ẹ̀rọ MRI wo iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ wọn. Nọ́ọ̀sì bèèrè pé, "Ṣé ẹ ní àìsàn kíndìnrín?" Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́. Ṣebí lọ́dún tó kọjá ni dókítà sọ fún yín pé kíndìnrín yín ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́?"

Kí ló mú mi sọ̀rọ̀? Oògùn tí wọ́n sábà ń fún èèyàn lábẹ́rẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ lè hàn ketekete nínú àwòrán MRI, gadolinium ló wà nínú ẹ̀. Kì í pẹ́ tó fi ń jò kúrò nínú iṣan, bí omi inú ajere. Kíndìnrín ló sì ń kó o jáde. Lọ́dún 2006, àwọn dókítà rí i pé àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyí lè mú kí awọ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an le gbagidi.

Nítorí jíjò yẹn, àwọn onímọ̀ ṣe gadofosveset. Gadolinium ṣì wà nínú ẹ̀ o, àmọ́ ó máa ń rọ̀ mọ́ albumin, èròjà kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa. Dípò ìṣẹ́jú díẹ̀, dókítà á rí bíi wákàtí kan ya àwòrán. Yúróòpù fọwọ́ sí i lọ́dún 2005, Amẹ́ríkà lọ́dún 2008. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ kò tà, ni wọ́n bá dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró lọ́dún 2017.

Ní báyìí, àwọn dókítà kan ń lo ferumoxytol. Irin ló wà nínú ẹ̀, kò ní gadolinium rárá. Lọ́dún 2009 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àwọn tí àìsàn kíndìnrín sọ di aláìlẹ́jẹ̀ tó. Hóró rẹ̀ tóbi, kì í tètè jò, ọ̀pọ̀ wákàtí ló ń lò nínú ẹ̀jẹ̀. Òun náà ò ṣàìní ewu tiẹ̀: ó máa ń gbòdì lára àwọn kan lójijì, ó sì lè pààyàn. Lọ́dún 2015, FDA fi ìkìlọ̀ tó le jù sára páálí rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ òótọ́, dókítà kọ́kọ́ yẹ kíndìnrín wọn wò, ó wá yan oògùn irin náà. Nọ́ọ̀sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi ṣe tán. Àlàáfíà la bá délé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi àìsàn pamọ́ fún dókítà. Bó bá ṣe ti kíndìnrín ni, ẹ sọ ọ́. Bí oògùn kan bá ti gbòdì lára yín rí, ẹ sọ ọ́. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.