Ṣé O Mọ̀? Ohun Tó Wà Nínú Pọ̀nmọ́ Ló Wà Lẹ́rẹ̀kẹ́ Rẹ

Sún mọ́ ibí! Ṣé o rí pọ̀nmọ́ tó ń dán lórí àtẹ yẹn, lọ́jà Ṣakí? Yàtọ̀ sí omi, kọ́lájìn, ìyẹn purotéènì tó ń mú awọ le, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kọ́lájìn náà ló jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ le.

Sè é pẹ́ lórí iná. Omi rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. Kọ́lájìn tó yọ́ nìyẹn!

Awọ ojú ìlù gángan ńkọ́? Kọ́lájìn ewúrẹ́ ni.

Fa omi inú awọ ara èèyàn gbẹ, kí o wá wọn èyí tó kù. Nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ni kọ́lájìn!

Oríṣi 28 ni wọ́n ti kà lára èèyàn. Méjìdínlọ́gbọ̀n!

Ẹyọ rẹ̀ kan, fọ́nrán mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra bí okùn. To 3,000 irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ tẹ̀léra, kò tíì tó mìlímítà kan.

Ṣé o ti lé lọ́mọ 20 ọdún dáadáa? Nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 kọ́lájìn awọ rẹ ló ń dín lọ́dọọdún. Bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró pátápátá lára àgbà obìnrin, ó lè tó ìdá 30 nínú 100 tó máa lọ láàárín ọdún 5 àkọ́kọ́.

Ó yá, fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ sókè, kí o jù ú sílẹ̀. Ṣé ó padà kíá? Ẹlásítìn, purotéènì mìíràn nínú awọ, ló fà á padà. Láti inú oyún títí dé ìgbà èwe lara rẹ ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀hún lò ń lò títí di òní!

Òòrùn ní ń bà á jẹ́. Ní Ṣakí, òòrùn ọ̀sán máa ń dúró sán-án lórí ẹni lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: oṣù kẹrin, àti ìparí oṣù kẹjọ. Dúdú ara rẹ ló ń dáàbò bò ọ́. Jọ̀ọ́, má bóra! Ìpara tó ní steroid ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Láìsí fítámìn C, kò sí ojúlówó kọ́lájìn. Ewúrẹ́ ń ṣe fítámìn C tiẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Ìwọ ò lè ṣe é! Lọ mu kajú Òkè-Ògùn. Ó fi fítámìn C ju ọsàn lọ fíìfíì.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù rè é. Awọ òkè ara ń bó dànù, tuntun ń rọ́pò rẹ̀ láàárín oṣù kan sí méjì. Bàbá ẹni 80 ọdún ti pààrọ̀ rẹ̀ ju ìgbà 400 lọ. Síbẹ̀, àbàjà ojú wọn ò kúrò! Kọ́lájìn àpá tó wà nísàlẹ̀ ló dì í mú. Bó ti wù kí àpá pẹ́ tó, agbára rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ti awọ tí abẹ ò kàn rí.