Ẹnà, Kọ́kọ́rọ́ àti Ìtẹ̀ka: Bí A Ṣe Ń Fi Ààbò Wọ Kọ̀ǹpútà Ọ̀nà Jíjìn láti Opebi

1. Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí dá lórí bí ẹni tí ó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní Opebi, ní Ìkẹjà, ṣe lè wọ inú kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò sí níwájú rẹ̀ láìsí pé ẹlòmíràn gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Kọ̀ǹpútà kejì yìí kì í sábà ní ara tirẹ̀. Inú ẹ̀rọ ńlá kan ni a ti pín ààyè fún un, bí a ti ń pín yàrá fún ayálégbé. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí fi pè é ní kọ̀ǹpútà aláìlára. Ó lè wà ní Oregun nítòsí, níbi tí ilé-iṣẹ́ Rack Centre ti ń gba ẹ̀rọ àwọn oníbàárà sílé; ó sì lè wà ní Cape Town. Jíjìnnà kọ́ ni ìṣòro. Dídá ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ mọ̀ ni.

2. Láti orí ọ̀rọ̀ gbangba dé orí ẹnà

Telnet, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1969, kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́: ẹni tí ó bá lúgọ sójú ọ̀nà lè ka páásíwọ́ọ̀dù. Ní 1995, wọ́n jí páásíwọ́ọ̀dù gbé báyìí lórí ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Helsinki. Èyí ni ó mú kí Tatu Ylönen, olùṣèwádìí níbẹ̀, ṣe ètò tí ó ń jẹ́ SSH. OpenSSH tẹ̀lé e ní 1999. Láti 2018 ni ó sì ti ń bá Windows 10 wá.

Iṣẹ́ SSH jọ ti ẹnà. Àwọn tí ń fi ẹnà sọ̀rọ̀ lè wà láàárín ọjà. Gbogbo etí ni ó ń gbọ́ ohùn wọn, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kò yé ẹni tí kò mọ ìlànà rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìlànà SSH kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìkan ni ó pamọ́, tuntun ni a sì ń rọ fún ìbánisọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

3. Kọ́kọ́rọ́ méjì àti ìtẹ̀ka kan

Ọ̀nà kan wà tí ó sàn ju páásíwọ́ọ̀dù lọ láti fi ara ẹni hàn. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni a ń ṣe. Ti gbangba ni a ń gbé sínú kọ̀ǹpútà aláìlára. Ti ìkọ̀kọ̀ kì í kúrò ní Opebi. Ti ìkọ̀kọ̀ ni a fi ń buwọ́ lùwé. Ti gbangba ni a fi ń mọ̀ pé ìbuwọ́lùwé náà kì í ṣe ayédèrú.

Èyí fi àlejò han onílé. Ta ni yóò wá fi onílé han àlejò? Ní ìgbà àkọ́kọ́, OpenSSH yóò fi ìtẹ̀ka ẹ̀rọ tí ó dáhùn hàn, àmì 43, yóò sì béèrè bóyá kí òun tẹ̀ síwájú. Ibí yìí ni gbogbo ààbò rọ̀ mọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni láìwò ó. Bí ó bá jẹ́ gbájúẹ̀ ni ó dáhùn, ẹnà kò ní gbà wọ́n: olè gan-an ni wọ́n ń bá ta ẹnà. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ kò ní bọ́ sí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìwé owó ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá kó ránṣẹ́ yóò bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i fún kọ̀ǹpútà aláìlára. A lè pa á rẹ́ lónìí, kí a tún un ṣe lọ́la ní àdírẹ́sì kan náà. Ìtẹ̀ka rẹ̀ yóò yí padà, SSH yóò sì kìlọ̀. Bí ìkìlọ̀ bá ti di ojoojúmọ́, etí a di sí i.

4. Àgbálọgbábọ̀

Ẹni tí a pàrokò ránṣẹ́ sí kì í gba ìránṣẹ́ gbọ́ kìkì nítorí pé ó dé. Àmì tí òun àti ẹni tí ó rán an ti jọ mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó ń wò. Bákan náà ni ìtẹ̀ka. Ọ̀nà mìíràn ni ó yẹ kí ó gbà dé Opebi kí ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yọjú: kí alábòójútó ẹ̀rọ kà á sórí tẹlifóònù, tàbí kí a wò ó ní ojúewé ìṣàkóso tí ẹni tí ó yá wa ní ẹ̀rọ fún wa. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Ibi tí kò bá ti sí èyí, ẹnà wà, ṣùgbọ́n a kò mọ ẹni tí a ń ta á sí.